Ọ̀sẹ̀ Méjì Péré

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, ẹ̀gbọ́n," ni sọ́feyọ̀ wí nígbà tí mo fẹ́ ra ilé kan ní Ìgàndó. Irọ́ kọ́: ilẹ̀ wíwọ̀n kò gbà ju wákàtí méjì lọ. Wọ́n fa téèpù, wọ́n ri bíkìn mẹ́rin mọ́lẹ̀. Ó ku kí ó lọ wò ó ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá bóyá wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ṣáà ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà.

Oṣù kẹta rèé. Bí mo bá pè é, á ní òun ti dé Ìyànà-Ìpájà lọ́nà Aláúsá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wo nìyẹn!

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní tiwọn kì í pẹ́. Símẹ́ńtì bíkìn ò tíì gbẹ tí wọ́n fi dé, wọ́n ń gba owó ìpìlẹ̀ lórí ilé tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà.