Sòkòtò Mi Wà Nínú Ọkọ̀

Ẹ̀rọ ìlọta ni o, jẹnẹrétọ̀ ni o, ọ̀kadà ni o, kò sí èyí tí n kò tíì tú palẹ̀ rí ní Òrè. Òmíràn ṣì wà nílẹ̀ bí mo ṣe tú u. Bí mọ́tò bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin lóru, èmi ni wọ́n ń wá jí. Kí wá ni ti ọkọ̀ ojú omi, tí kò ní táyà, tí kò ní búrẹ́kì?

Ará Ìlàjẹ ni ìyàwó mi. Bí a bá fẹ́ lọ kí àwọn àna mi ní Ayétòrò, a ó wọ mọ́tò gba Òkìtìpupa dé Igbókọ̀dá, a ó wá san owó ọkọ̀ ojú omi bí àlejò. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ra ọkọ̀ onípákó àlòkù kan, mo gbé e wá sí Òrè láti tún un ṣe.

Mo gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ́ ara igi máńgòrò, mo fa okùn, ó dún, àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́. Mo jẹ́ kó máa ké fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n lè gbádùn rẹ̀ dáadáa. N kò mọ̀ pé omi tí ọkọ̀ ń rìn nínú rẹ̀ ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń fà sára láti fi tutù, pé rọ́bà kékeré kan ló ń bá a fà á, àti pé bí rọ́bà náà bá ń yí lásán láìrí omi, yóò jó. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo ní eruku ni.

Pákó rẹ̀ ń jò. Òwú ni káfíńtà ọkọ̀ máa ń kì sáàárín pákó kó tó fi ọ̀dà lé e. Mo wo owó òwú, mo wo owó ọ̀dà, mo rántí Agbabu. Ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò wa níbí ló wà, bítúmẹ̀nì ń sun jáde fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, òyìnbó sì ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá a kí ogun ọdún 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò tíì fi tẹ́ ọ̀nà dé iwájú ilé mi. Ó kéré tán, kó wúlò fún ọkọ̀ mi. Mo bu kẹ́ẹ̀gì kan, mo kùn ún yíká. Mo kun ìjókòó náà, kó lè máa dán.

Ní Igbókọ̀dá, ìyàwó mi bi mí pé, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti dí ihò ẹ̀yìn ọkọ̀?”

Mo bi í bóyá òun ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́. Orí fèrèsé ní Òrè ni ìdérí ihò náà wà.

Ohun tó tàn mí ni pé bí ọkọ̀ bá ń sáré, omi kì í gba ihò yẹn wọlé. A ń sáré, mo ń juwọ́ sí àwọn apẹja. Ẹ́ńjìnnì gbóná, ó húkọ́, ó kú. Omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wéréwéré. Mo fẹ́ dìde, n kò lè dìde: oòrùn ọ̀sán ti yọ́ bítúmẹ̀nì, èmi àti ìjókòó ti di ọ̀kan.

Mo ní kí a ta ìgbòkun. Mo jókòó, mo na tapólì sókè lọ́wọ́ méjèèjì. Atẹ́gùn gbé wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, láti òkun ló ti ń fẹ́ wá sílẹ̀. Igbókọ̀dá ló ń gbé wa padà sí. Ìyàwó mi kò wí nǹkan kan. Ó gbé ìkòkò lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa gbọ́n omi, ó sì fa àjẹ̀ kan yọ lábẹ́ àpò ìrẹsì. Láti Òrè ló ti fi pamọ́ síbẹ̀.

Òun ló tù wá dé Ayétòrò.

Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ ìlú náà dó, wọ́n jọ ń ní ohun gbogbo pọ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ fúnra wọn. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìlú náà lọ. Ilé tí mo ti wá tọrọ ìyàwó, òpó rẹ̀ nìkan ló dúró sínú omi. Àwọn àna mi tò sétí omi, ó di dandan kí n dọ̀bálẹ̀. Mo tú bẹ́líìtì, mo yọ ara mi jáde, mo dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ju ìró kan lù mí.

Bàbá rẹ̀, tó ti ń kan ọkọ̀ láti kékeré, wọ inú ọkọ̀ náà, ó ki ìka bọ ihò.

“Ọkọ ọmọ mi, ìdérí rẹ̀ dà?”

“Ó wà ní Òrè, Bàbá.”

Ó wo ojú mi, ó wo sòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ẹsẹ̀ kan, ó ká a, ó fi dí ihò. Ó ya ẹsẹ̀ kejì wẹ́wẹ́, ó ń kì í sáàárín pákó. Nígbà tí wọ́n fi okùn fà wá padà sí Igbókọ̀dá lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kán omi kan kò wọlé.