X Ò Pa Á, Ó Kàn Sá Pamọ́ Ni

*Ẹ̀gbọ́n, Agbaja lókè níhìn-ín ni mo wà. Mo fi Java kọ ètò kan tí bàbá mi ń fi ka àpò kaṣú. Bí mo bá tẹ àmì X tó wà lókè wíńdò, wíńdò á lọ, ṣùgbọ́n láàpútọ́ọ̀pù á ṣì máa gbóná. Ìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀dà mẹ́rin ètò náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ṣé ayé ló ń ṣe mí ni, àbí irin tó wà nínú ilẹ̀ wa?* – Ẹni tí X ń tàn

Àbúrò, irin pọ̀ nílẹ̀ Agbaja lóòótọ́, ṣùgbọ́n má ṣe ka ẹ̀sùn yìí sí i lọ́rùn. Ayé náà ò sì ráyè kaṣú bàbá rẹ. Àwọn tó ṣe JFrame, tí Java fi ń ṣe wíńdò, ló fi HIDE_ON_CLOSE sí i látilẹ̀: tí o bá tẹ X, á fara pamọ́, kò ní kú. Àna tó dágbére tán, tó lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná tó ń retí iyán, ni. Pe setDefaultCloseOperation, kí o fi JFrame.EXIT_ON_CLOSE sínú àkámọ́ rẹ̀. Àmọ́ bí wíńdò rẹ bá ju ọ̀kan lọ, rọra o! EXIT_ON_CLOSE ò mọ ọ̀kan pa, gbogbo ètò ló ń kó lọ. DISPOSE_ON_CLOSE ni kí o fún àwọn kéékèèké.

*Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ mi ní Lọ́kọ́ja fi Python kọ ìwé gbèsè oníbàárà fún mi. Mo bá tẹ X, ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò lọ.* – Ìyá Oníbísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tíì lé ọmọ iṣẹ́ yín. Ó gba WM_DELETE_WINDOW, iṣẹ́ tí X ń rán, lọ́wọ́ Tkinter tí Python fi ń ṣe wíńdò, ó wá gbàgbé destroy(). Ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pa wíńdò. Ẹ kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀ ná: oníbàárà tó bá ní òun ò jẹ yín lówó, ẹ mú un jókòó síwájú wíńdò náà, ẹ ní tó bá ti tẹ X jáde, kó máa lọ sílé. Tẹ́ ẹ bá gbowó tán, kí ọmọ náà fi destroy() sábẹ́ “Bẹ́ẹ̀ ni”.

*Inú windowClosing, tí Java ń pè bí mo bá tẹ X, ni mo kó gbogbo kóòdù tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ sí. Iná lọ, àkáǹtì oṣù kan bá a lọ.* – Ó Dùn Mí

Pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo rí iná tó tẹ X kó tó lọ? Ẹni tó fi Task Manager fipá pa ètò kì í tẹ̀ ẹ́. System.exit() gan-an kì í pe windowClosing. Jẹ́ kí X máa béèrè ìbéèrè rẹ̀, àmọ́ gbogbo ìlà tí o bá kọ tán, fi í pamọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí o sì ra bátìrì tuntun.