Ẹlẹ́sìn Họlidé

Ẹ̀sìn mẹ́ta la mọ̀ ní Èkó: Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti Ìṣẹ̀ṣe. Ẹ̀kẹrin wà, kò ní ìwé mímọ́, kò ní àlùfáà, àmọ́ ìjọ rẹ̀ kún láti Yaba dé Mushin: ẹ̀sìn họlidé.

Iléyá lara wọn máa ń yá sí jù. Bàbá onílé so àgbò mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ayálégbé tó ń ráhùn látọdúnmọ́dún pé ìpè ìrun àárọ̀ kì í jẹ́ kóun sùn ló ń já ewé fún un. “Alájì, itan ni tèmi o!” Ní 2025, Jímọ̀, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ni Iléyá, ìjọba fi Mọ́ńdè kún un, Tọ́sìdè tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 12, họlidé ìjọba tiwa-n-tiwa tún dé. Ẹ bá mi kí àwọn tó fara da Túsìdè àti Wẹ́sìdè.

Ti Ìṣẹ̀ṣe ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, bọ́ sí Sọ́ńdè ní 2023, Gómìnà Sanwo-Olu sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní Mọ́ńdè. Àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Ifá sétí, mi ò rí ọ̀kan nínú wọn tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn láti jẹ́rìí fún Jésù.

Kérésì ní tirẹ̀, kúlà ìrẹsì ló ń sọdá sọ́dọ̀ Alájì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yan itan, ẹ jọ̀ọ́, àgbò ti gbówó lórí. Ẹ mú ata àti òróró dání.