Ìlẹ̀kẹ̀ Rèé, Ìdí Dà?

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà dára, àmọ́ ohun kan wà tí àwọn àgbà kò fura sí: wọ́n rò pé bí a bá rí ìdí, a ó dá a mọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ojú wa kò ní kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀, tí a ó máa bi ìlẹ̀kẹ̀ léèrè bóyá ìdí wà lábẹ́ òun.

Àwòrán àti ère ni mò ń tà ní Festac. Ère kún ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ Bàbá Onífèrémù ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Orúkọ yẹn ti sọ ohun tí wọ́n ń wá.

Lọ́jọ́ kan, àǹtí kan wá láti ọ̀nà Apple Junction. Ó fa gígé kọ́tìnnì yọ nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mò ń wá férémù tó máa bá èyí mu."

Mo ní, "Kí ni ẹ fẹ́ kó wà nínú rẹ̀?"

"Ohunkóhun, sà. Kó ṣáà ti ní àwọ̀ wúrà díẹ̀ lára."

Mo gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan jáde, obìnrin tó ru igbá ọjà. Ẹni tó gbẹ́ ẹ fara balẹ̀ débi pé ẹ lè ka irun dídì orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí sún sẹ́yìn. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ gbé e kúrò níwájú mi." Afárá Lọ́ńdọ̀n nínú òjò ló rà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sórí kánfáàsì, tó bá kọ̀ǹténà wọ̀lú.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó padà dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Pálọ̀ òṣèré kan ní Amẹ́ríkà ló fi hàn mí. Kí ló wà lára ògiri? Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

"Bàbá, irú èyí ni mo fẹ́."

"Àǹtí, èyí náà mà ni ẹ ní kí n gbé kúrò níwájú yín."

"Rárá o, sà. Tiwọn yẹn kì í ṣe òrìṣà. Dẹkọréṣọ̀n ni."

Ẹ má fi àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ìlú tí àwa méjèèjì ń gbé gan-an, irú ọ̀rọ̀ yìí ló bí i. Àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà FESTAC, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni ìjọba kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí fún. Àmì àjọ̀dún náà ni ojú Idia, ìyá Ọba Esigie ti Ìbìní, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Kò ga tó rúlà ọmọ ilé ìwé, àmọ́ ẹ wo adé orí rẹ̀: orí àwọn Potogí onírùngbọ̀n ni wọ́n gbẹ́ yí i ká. Ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o láàfin. Nígbà tí àjọ̀dún kù sí dẹ̀dẹ̀, Nàìjíríà ní kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Lọ́ńdọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yá wa ní ojú náà. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò le tó ẹni tó ń rin ìrìn àjò. Ara tó gba ìrìn àjò àlọ kò gba àbọ̀! Àwòkọ rẹ̀ la fi ṣe ayẹyẹ. A wá ń bínú pé wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọmọ wa lọ́hùn-ún, nígbà tí afárá wọn wà lára ògiri wa níbí.

Nígbà mìíràn, a kì í tilẹ̀ dúró kí wọ́n jà wá lólè. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára rẹ̀, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́, òyìnbó sì ń bọ̀, àwọn ènìyàn rù ú sọ́rùn bí ẹrù. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley lọ́dún 1924. Ó wọ àwọn ará Lọ́ńdọ̀n lójú, wọn ò fẹ́ kó padà sílé mọ́. Kí la gbà dípò rẹ̀? Àga. Ìtẹ́ kan tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lára igi, ènìyàn ló ru òyìnbó wọlé. Níkẹyìn, òyìnbó ru ilẹ̀kùn lọ. Ilẹ̀kùn ọ̀hún wà ní Lọ́ńdọ̀n di òní, gbogbo ayé ń wò ó. Ẹ bá mi béèrè àga náà.

Ẹ tún wo ti àwòrán Tutu. Ben Enwonwu ọmọ Onitsha ya Adétutù Adémilúyì, ọmọọba Ifẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1973 sí 1974. Ó yí ọrùn díẹ̀, ó ń wo ẹni tó ń wò ó bí adájọ́. Àwòtẹ̀ rẹ̀ wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé nígbà kan, oòrùn pa á láró, a fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2018, ojúlówó kan tí Enwonwu fọwọ́ ara rẹ̀ yà, tí wọ́n rí ní fúláàtì kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀n, lọ ní gbàǹjo fún mílíọ̀nù kan ó lé ní 200,000 pọ́n-ùn. Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi kò sinmi. "Bàbá, ẹ ní Tutu?" Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ọrùn yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí nípa ojú yẹn. Mílíọ̀nù ni gbogbo wọn ń kí.

Kí àwọn aláfárá náà má rẹ́rìn-ín wa jù, tiwọn ti kọjá àfiṣàkàwé. Maurizio Cattelan, ará Ítálì, fi téèpù lẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan mọ́ ògiri ní Miami lọ́dún 2019, ó pè é ní "Aláwàdà". Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní New York fún mílíọ̀nù mẹ́fà ó lé ní 200,000 dọ́là. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fúnra rẹ̀, sẹ́ńtì 35 ni wọ́n rà á nídìí àtẹ lọ́jọ́ náà. Justin Sun tó san owó náà jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn. Mo sọ ọ́ fún ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àbí téèpù yẹn ni wọ́n rà ni?"

Ìyá kò jìnnà sí òótọ́. Ìwé ẹ̀rí ni olówó rà, pẹ̀lú àlàyé bí a ṣe ń lẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun nígbà tí ti àná bá rà. Ìlẹ̀kẹ̀ pọ́ńbélé nìyẹn, kò sí ìdí rárá. Cattelan ò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ: ó ti kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé àwàdà ni.

Èmi ni mo tan ènìyàn jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin agbẹ́gilére kan gbé ojú Idia tó fi igi gbẹ́ wá bá mi. Gbogbo irùngbọ̀n Potogí ló pé. Mo ná an títí òógùn fi bò ó, mo gbà á ní 40,000 náírà, mo kọ 60,000 sí i lára. Oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó wò ó. Mo bá fi pólíìṣì bàtà pa á, mo fi í há orí ààrò ẹlẹ́ja yíyan fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo fi òdo kan kún iye owó rẹ̀, mo wá kọ ọ́ sí bébà kékeré pé "Ó ti Lọ́ńdọ̀n dé." Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá kan láti GRA Amuwo-Odofin gbé e, kò tilẹ̀ ná an.

Ọmọ agbẹ́gilére yẹn dé lọ́jọ́ Sátidé, ó bá àyè rẹ̀ lófìfo lára ògiri. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Bàbá, ó ti lọ! Kí lẹ ṣe sí i?"

Mo ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo so mọ́ ọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rọra wò mí lójú. "Bàbá, èmi tí mo ni ìdí ńkọ́?"

Mo fún un ní owó ọkọ̀ dé Mile 2.