Ìbà Ẹ̀yin A-tafẹ́fẹ́-kọ́lé

Ẹlẹ́fẹ̀ kì í lanu láìjúbà. Ìbà ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ fóònù, a-tafẹ́fẹ́-kọ́lé, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun tí ojú kò rí fún ẹni tí kò rí jẹ. Ìbà ẹ̀yin onítẹlifíṣọ̀n alásanwó, tí ẹ ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹni tí NEPA ti mú iná rẹ̀ lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbà ẹ̀yin àjọ tí ìjọba fi ṣọ́ wọn: ẹ̀yin NCC tí ẹ ń ṣọ́ fóònù, ẹ̀yin FCCPC tí ẹ ń gbèjà ẹni tó ń rajà. Àgbà ni yín, n kò ní í bú yín. Mo kàn fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ ni. Bí mo bá ṣe tán, mo tún máa ra káàdì.

Ọ̀dọ̀ onífóònù ni n ó kọ́kọ́ yà. Nígbà tí GSM dé ní 2001, àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sọ pé “Mo ti délé o,” owó odindi ìṣẹ́jú ni yóò san. Àwọn àgbàlagbà tó máa ń kí tọmọtọmọ, tewúrẹ́tewúrẹ́, “Ẹ ǹlẹ́” nìkan ni wọ́n ń sọ tí wọ́n fi ń gé e. Àwọn yòókù di oní-fìláàṣì. A ní kí àwọn onífóònù máa fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó wa, wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe. Ní 2003, Glo dé, ó ní ìṣẹ́jú àáyá lòun ó fi bẹ̀rẹ̀. Háà! Àwọn tí kò lè ka ìṣẹ́jú àáyá, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi mọ ìṣirò. Kì í ṣe òfin ló kọ́ wọn o, ẹ̀rù kí oníbàárà má sá lọ ni.

Ní báyìí, ọgbọ́n yín ti gbó. Ẹ ń fún wa ní orin tí a kò bèèrè. Ẹni ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó pè láti bá a kẹ́dùn ń gbọ́ fújì, owó orin sì ti lọ nínú káàdì ọlọ́fọ̀. Dátà tí mo rà lálẹ́, ó jí ṣáájú mi láàárọ̀, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Mo pe ilé-iṣẹ́ tí mo ń lò, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹ nọ́ńbà báyìí bí mo bá fẹ́ Yorùbá. Mo tẹ̀ ẹ́. Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Nígbà tí ohùn ènìyàn yóò fi dé, Gẹ̀ẹ́sì ló ń fọ̀.

Ẹ̀yin NCC, ẹ máà fara pamọ́. Láti 1992 ni wọ́n ti dá yín sílẹ̀, òfin 2003 sì fún yín ní eyín. Ní oṣù Kẹwàá 2015, ẹ bínú. Ẹ ní MTN kò gé ìlà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí wọn kò forúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà lé ìlà kọ̀ọ̀kan lórí, ó di tírílíọ̀nù 1.04 náírà. Ìlú mì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin àti MTN jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 2016, ó ti di bílíọ̀nù 330. Ẹ lọ bá ìyá aláta ní Ọjà Bódìjà, kí ẹ ná ata 1,040 náírà wálẹ̀ sí 330, ẹ ó rí bí igbá ṣe ń fò. Àpò ìjọba sì ni owó ọ̀hún lọ. Àwa tí ìpè ń já mọ́ lẹ́nu, káàdì igba náírà kò kàn wá níbẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 2025 ńkọ́? Àwọn onífóònù ní iye owó àwọn kò tíì sún láti 2013. Òótọ́ ni, gbogbo nǹkan ti wọ́n. Àwọn kan ní kí ẹ jẹ́ káwọn fi lé ní ìdá ọgọ́rùn-ún kún un. Ẹ ní rárá o, kó má ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ sì retí ìdúpẹ́. A dúpẹ́. Bí ẹ bá tún gbà wá sílẹ̀ báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ la ó máa fi jíṣẹ́.

Ó kan onítẹlifíṣọ̀n. Òjò kò tíì rọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó ni, àwòrán ti sá lọ. Fíìmù tí ẹ fi hàn wá nígbà tí ọmọ ń rá, ọmọ ti wọ yunifásítì, fíìmù ṣì ń jẹ́ tuntun. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ àwọn oníbàárà ní Àbújá ní kí MultiChoice, oní-DStv àti GOtv, má tíì fi kún owó oṣù. Wọ́n fi kún un. Ní oṣù Kẹfà, ìgbìmọ̀ náà bu ìtanràn mílíọ̀nù 150 náírà lé wọn, ó ní kí wọ́n tún fún àwọn oníbàárà ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹjọ́ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo oṣù ọ̀fẹ́ ọ̀hún, ẹ nawọ́ kí n rí yín. N kò rí ọwọ́ kankan o.

Nígbà tó di oṣù Kẹta 2025, owó tún gòkè. FCCPC ní kí wọ́n dúró, wọn kò dúró. Ní oṣù Karùn-ún, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá wá sọ pé àjọ náà kò lágbára láti bu iye lé ọjà, ọwọ́ Ààrẹ ni agbára yẹn wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá Tinúbú, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá parí ọ̀rọ̀ epo àti ààbò, ẹ bá wa wo dìkódà.

Ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ fún mi láyè, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ mọ kóòdù gbogbo ilé tẹ́tẹ́ lórí, ẹ kò mọ 622, nọ́ńbà tí a fi ń fẹjọ́ sun NCC. Ẹ ń bú onífóònù nídìí ọtí, dátà rẹ̀ lẹ sì fi ń gbé èébú náà sórí WhatsApp. Láti 2013 lẹ ti lè gbé nọ́ńbà yín lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ Ẹtì ẹ ń lérí pé ẹ ti lọ; lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ẹ ti ra dátà ọ̀hún nítorí bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀fẹ̀ parí, ó ku ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àjọ, owó tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ arẹ́nijẹ, ẹ jẹ́ kó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ẹ̀yin oníbàárà, bí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó bá ń dà yín láàmú, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Bí wọ́n bá yọ owó yín láìtọ́, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò bá pè, kó fi wá lọ́rùn sílẹ̀ nídìí ọtí.