Ìwé Ìwádìí Kékeré Lórí Iṣẹ́ Tuntun ní Èkó àti Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ dá sí: bí wọ́n bá pe ọmọ Ìbàdàn síṣẹ́ ní Èkó, tí owó oṣù rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì, ṣé ìgbádùn rẹ̀ náà ti di ìlọ́po méjì? Ẹni kan ṣoṣo la fi ṣe àyẹ̀wò yìí: ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ń gbé ní Bódìjà, tí iléeṣẹ́ kan ní Victoria Island kọ lẹ́tà sí. Kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́, a ò ní sọ pé èmi ni.

Àwọn ìlànà tí a gbé e kà

Ìlànà kìíní ni pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òwe ni. Ìṣirò owó ilé ni. Ẹ̀fà ni owó ilé ọdún kan. Èje ni owó ájẹ́ǹtì, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni owó ágíríméǹtì, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìíràn. Owó káúṣọ̀n, tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà lọ́jọ́ tí a bá kó jáde. Àti owó tí ájẹ́ǹtì ń gbà kó tó mú ènìyàn lọ wo ilé, ì báà jẹ́ pé inú omi ni ilé náà wà.

Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011, ní lańlọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin yìí kan náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ìkòròdú ni agbára ẹni àyẹ̀wò wa mọ. Nítorí náà, abẹ́ òfin ni yóò ti máa sùn, ẹ̀yìn òfin ni yóò ti máa ṣiṣẹ́.

Ìlànà kejì ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. “Sún” wà níbẹ̀, “fà” wà níbẹ̀. A wá “lọ” títí, a ò rí i.

Òṣùwọ̀n

A kọ́kọ́ fẹ́ fi náírà ṣe òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n a kì í fi ohun tó ń sáré wọn nǹkan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, lítà epo tí kò tó náírà 200 ti lé ní 480, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. A wá yan wákàtí, tí ìjọba kankan kò tíì yọ ìrànwọ́ orí rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ẹni àyẹ̀wò fi ń dé ibi iṣẹ́, àkàrà ṣì ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Ìkòròdú dé Victoria Island, a fún un ní wákàtí mẹ́ta àlọ, mẹ́ta àbọ̀. Ọgbọ̀n wákàtí nìyẹn lọ́sẹ̀, iṣẹ́ gan-an sì jẹ́ ogójì. Iṣẹ́ méjì ló gbà: wọ́n ń sanwó fún un lórí ọ̀kan, òun ló ń sanwó lórí èkejì. Bí a bá pín owó oṣù náà sórí gbogbo wákàtí wọ̀nyí, ìlọ́po 2 di ìlọ́po 1.3. Kò tíì wọkọ̀ o.

Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, gùn tó kìlómítà 11.8. Ẹni tó ń rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan yóò fẹsẹ̀ rìn ín já ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 22. A fi iye yìí sílẹ̀ kí àwọn tó ń wọ dáńfò ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n dé nínú ọ̀làjú.

Àwọn àbá tó wọlé

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Agége sọ pé, “Àbúrò, wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ná. Ṣé ilé àjèjì ni?” A lọ yẹ ilé náà wò: yàrá kan àti pálọ̀, èèyàn márùn-ún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó sì béèrè ọjọ́ tí a máa padà kí a tó jókòó. A kọ ọ́ sílẹ̀.

Àbá kejì ni ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà, ọdún 2021. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 157. Ẹni tó bá fẹ́ ti Mọ́níyà wọlé iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ yóò tètè dé, bó bá ti gbéra lánàá.

Ìyá rẹ̀ kò lo wákàtí, kò lo náírà. Wọ́n ní, “Mo ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Èkó lo wà báyìí.” A wá òṣùwọ̀n tí a lè fi gbé ọ̀rọ̀ yìí, a ò rí èyí tó gbà á.

Àbájáde

Iléeṣẹ́ náà fẹ́ kí a fọwọ́ ara wa mú èsì wá kó tó di ọ̀sán òní. Lẹ́tà méjì ló wà nínú báàgì ẹni àyẹ̀wò: ọ̀kan gbà, ọ̀kan kọ̀. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ìwádìí yìí yóò sọ èyí tí yóò fà yọ bí ọkọ̀ bá dé Berger.

Aago méje àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, nínú ọkọ̀, ní Ìbàfò. Aago mẹ́wàá ti lù báyìí, iṣẹ́ ti parí, a sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì fún àtúnṣe. A ṣì wà ní Ìbàfò.