Oko Bàbá Wọn, Orin Gbogbo Ayé

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá tíì dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, wọn kò fi ìbínú pa á. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ọmọ tí kò tíì dá odò ẹ̀yìnkùlé kọjá rí, kí ni yóò fi díwọ̀n oko? Ebè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ náà ni. Bó bá dàgbà, tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna ẹnìkan, tí oòrùn pa á láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí kò sì rí ìparí poro, ẹnu rẹ̀ á wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tí àwọn àgbà kò rò ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọdé náà yóò hu irùngbọ̀n, tí yóò dá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, tí yóò tẹ ìwọ̀n oko bàbá rẹ̀ jáde, tí yóò sì kọ ọ́ sí iwájú ìwé gàdàgbà pé ìwọ̀n gbogbo ilẹ̀ ayé nìyí.

Rolling Stone ni mò ń bá wí. Ní San Francisco ni Jann Wenner àti Ralph Gleason ti dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ lọ́dún 1967, iṣẹ́ ńlá ló sì ti ṣe lórí orin rọ́ọ̀kì. A kò ní torí pé à ń jà ká wá fi òótọ́ pamọ́. Lọ́dún 2004, wọ́n kó èèyàn 172 jọ, olórin, lámèyítọ́ àti àwọn tó ń fi orin ṣòwò, wọ́n ní kí wọ́n dìbò. Ìbò yẹn ló bí àkójọ orin 500 tí wọ́n pè ní èyí tó ga jù lọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ gbọ́ o, gbogbo ìgbà! Wọn ò sọ pé ìgbà tí bàbá àwọn ra rédíò. Gbogbo ìgbà, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Orin tó ṣe ipò kìíní ni "Like a Rolling Stone" ti Bob Dylan. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì ń jẹ́ Rolling Stones. Ìwé ìròyìn tó to ipò ń jẹ́ Rolling Stone. Ká ní ìdíje orin lábúlé wa ni, tí Làmídì jẹ́ adájọ́, tí orin tí wọ́n fi Làmídì ṣe àkọlé rẹ̀ gba ipò kìíní, tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Làmídì sì gba ipò kejì, ọlọ́pàá ló máa tú pápá ká.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀, ká wọ inú oko náà gan-an. Nínú orin 500 yẹn, 203 ló jáde láàárín ọdún 1960 sí 1969, 142 sì jáde láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ẹ ro ó pọ̀: 345. Ogún ọdún péré ló kó èyí tó ju ìdajì lọ dáadáa nínú ogún gbogbo ìgbà. Orin kan ṣoṣo ló ṣáájú ọdún 1950, ìyẹn èyí tí Hank Williams kọ lọ́dún 1949. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di 1949, ọmọ aráyé kàn ń ya ẹnu lásán ni. Dáfídì tó ta hápù fún Sọ́ọ̀lù, òfo. Àwọn àyàn tó ń lu ìlù jí Aláàfin láràárọ̀, òfo. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, tó ti kọ orin ìyìn lédè Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone láàárín ọdún 1920 sí 1929, òun náà òfo. Ní ti èdè ńkọ́? Orin kan ṣoṣo tí wọ́n fi èdè mìíràn kọ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ló ráyè wọlé: "La Bamba" tí Ritchie Valens fi èdè Sípéènì kọ lọ́dún 1958. Ọ̀kan yìí náà, orin ìbílẹ̀ àwọn ará Mẹ́síkò ni kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Lárúbáwá, Íńdíà, Ṣáínà, Potogí, Suwahílì, Yorùbá: gbogbo wa pátá, a ò rí ohùn kọrin.

Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Orin tí èèyàn gbọ́ nígbà tí irùngbọ̀n ń hù lójú rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọmọ ẹlòmíràn, òun ló máa ń dùn mọ́ ọn jù títí tí yóò fi wọlẹ̀ lọ. Àwọn bàbá wa tó búra pé lẹ́yìn Yusuf Ọlátúnjí kò sí olórin mọ́, irú ìbò yẹn kan náà ni wọ́n ń dì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá wa lábẹ́ igi máńgò ń sọ pé "ní tèmi o." Ìwé ìròyìn kò sọ "ní tèmi." Ó ní "gbogbo ìgbà."

Ẹ wá wo bí gbogbo ìgbà ṣe pẹ́ tó. Lọ́dún 2021, wọ́n tún ìbò náà dì, àwọn tó dì í sì lé ní 250. Nígbà tí èsì jáde, orin 254 tí kò sí nínú ti àtijọ́ ló ti wọlé. Dylan bọ́ sí ipò kẹrin. Rolling Stones já láti ipò kejì sí 31. "Imagine" ti John Lennon kúrò ní ipò kẹta, ó di 19. "Hey Jude" tó wà ní ipò kẹjọ lọ jókòó sí 89. "Fight the Power" ti Public Enemy, tó wà ní 322, fò fẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ipò kejì. "Respect" ti Aretha Franklin, tó wà ní ipò karùn-ún, ló wá gorí ìtẹ́.

Inú mi dùn fún Aretha. Ohùn yẹn tó bẹ́ẹ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: kí ló ṣẹlẹ̀ sí orin náà láàárín ọdún 2004 sí 2021? Lọ́dún 1967 ni Aretha kọ ọ́. Otis Redding tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti kọ ọ́ lọ́dún 1965. Lọ́dún 2018 ni Aretha papòdà. Ẹnikẹ́ni kò padà lọ fi ìlù kún un, ẹnikẹ́ni kò tún ohùn rẹ̀ ṣe. Orin kò kúrò lójú kan. Àwọn tó ń díwọ̀n ló pààrọ̀ okùn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni gbogbo ìgbà lò láyé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń dìbò nígbà tó parí.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ níbẹ̀, ẹ̀rín la ó rín bíi ti àwọn àgbà, a ó sì bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò mọ níbẹ̀, nítorí àkójọ ti 2021 mú orin méjì láti ọ̀dọ̀ wa wọlé: "Water No Get Enemy" ti Fẹlá àti "Ojuelegba" ti Wizkid. Háà! Ilé gbọ́, ọ̀nà gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ orin Fẹlá yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ń gbé àsíá Nàìjíríà sójú fóònù. Ẹni tó máa ń pa rédíò bí wọ́n bá ti gbé Fẹlá sí i ń kọ ọ́ káàkiri pé àwa náà ti dé. Dé ibo? Lọ́dún 1975 ni orin náà jáde, lórí òwe tí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà mọ̀ ni Fẹlá sì gbé e kà: omi kò lọ́tàá. Àwa tí a ni òwe, tí a ni olórin, tí a ni ìlú tó ti kọrin, a dúró di ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kí ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà tó wá sọ fún wa pé orin náà dára.

Ibí yìí ló yẹ ká ti yí òwe àgbà padà, kó kọjú sí àwa. Ọmọdé tí kò dé oko ẹlòmíràn ni òwe bá wí. Kò bá olóko kejì wí, nítorí kò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni pé àgbàlagbà tó kọ ebè ẹgbẹ̀rún yóò wá dúró sí ààlà, yóò na ọrùn bí ògòǹgò, yóò máa retí kí ọmọdé kọjá kó bá òun ka ebè. Bó bá ka méjì nínú ẹgbẹ̀rún, olóko á dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ìwà rẹ̀ bani lẹ́rù jù?

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìwé ìròyìn yìí kan náà to àwọn olórin 200 tí ohùn wọn dára jù, kò fi Céline Dion sí i. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kan gbéra láti Kánádà, wọ́n gbé pátákó lọ́wọ́, ó di iwájú ilé iṣẹ́ wọn ní New York. Obìnrin tí gbogbo ayé ń sanwó gọbọi láti gbọ́ ohùn rẹ̀! Ariwo yẹn gan-an sì ni ọjà tí wọ́n ń tà. Àkójọ tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú, ta ni yóò rà á?

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀nà wà láàárín oko wọn àti oko wa tipẹ́. Ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry ni Babátúndé Ọlátúnjí onílù. John Hammond, ẹni tó mú Dylan wọ ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia, ló kọ́kọ́ mú Ọlátúnjí wọ ibẹ̀. Lọ́dún 1960 ni àwo orin "Drums of Passion" tí Ọlátúnjí lu ìlù sí jáde. Lọ́dún 1969, Santana gbé orin kan nínú rẹ̀, ó fi gìtá kọ ọ́, ayé sì jó o. Ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem ni John Coltrane ti fọn fèrè lọ́dún 1967, ọdún tó kú. Dylan tí wọ́n fi ṣe ipò kìíní fúnra rẹ̀ dárúkọ Ọlátúnjí nínú orin kan tó gbé jáde lọ́dún 1963. Olórin ti dé oko ẹlòmíràn, ó kí olóko. Àwọn tó wá ń ka ebè lẹ́yìn rẹ̀ ni kò rí ọ̀nà.

Àwa náà ń jiyàn lórí orin nílé wa, iyàn wa sì gbóná. Láyé ìjà fújì, ẹni tó ń gbé Barrister lè má bá ẹni tó ń gbé Kollington jẹun. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan ní Kollington ni nọ́ńbà 31. Ohun tí à ń bi orin ni pé: ta ni wọ́n kọ ọ́ fún, kí ló sì ṣe fún un? Ẹ wo òde ìnáwó kan. Ilẹ̀ ti ṣú, ìyá àgbà kan jókòó lábẹ́ kánópì, orúnkún ń dùn ún, ó ti bọ́ bàtà sábẹ́ àga. Onígángan rọra sún mọ́ ọn. Kò lu ohun tí gbogbo òde ń jó. Oríkì bàbá ìyá yẹn ló fi ìlù pè, ó ń dárúkọ àwọn tó ti sùn tipẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kò mọ ìgbà tó dìde. Ó jó láìwọ bàtà, ó tú etí aṣọ, ó lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Nọ́ńbà mélòó nìyẹn? Kò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kankan, kò pẹ́ rárá, bí wọ́n bá sì lù ú fún ẹni tó jókòó tì í, onítọ̀hún kò ní mira. Ẹkún ìyàwó ńkọ́, tí ọmọbìnrin ń sun lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ? Ta ni yóò dìbò fún un?

Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ pípẹ́ ni, ẹ kọjá sí Matanzas ní Kúbà, ẹ dé Salvador ní Brasil. Orin Ṣàngó àti orin Yemọja tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ dònìí, inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n bá àwọn baba ńlá wọn rìn dé ibẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n nà wọ́n, wọ́n fòfin de ìlù wọn, orin kò parẹ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ gbogbo ìgbà, irú ìyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

N kò ní kí wọ́n má to orin mọ́. Kí wọ́n kàn kọ ọ́ síwájú ìwé pé orin 500 tí àwa tí a gbọ́ rédíò Amẹ́ríkà dàgbà fẹ́ràn jù nìyí; n ó rà á, n ó sì gbádùn rẹ̀. Àwa náà ní iṣẹ́ tó yẹ wá ju ká máa na ọrùn lọ. Ta ló lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó lu ìlù lẹ́yìn Haruna Iṣọ́lá? Ta ló mọ ẹni tó ta gòjé fún Yusuf Ọlátúnjí? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dín kù lójoojúmọ́, ìwé ìròyìn New York kò sì ní bá wa bi wọ́n. Ẹni tó bá gba ìwé àti bírò lónìí, tó lọ jókòó ti arúgbó onílù kan ní Abẹ́òkúta, ti ṣe ju ẹni tó ń ka ipò lọ. Ní ti ẹni tó bá ṣì ń wá orin tó ga jù lọ láyé, kò burú; kó kọ́kọ́ lọ gbọ́ ayé tán ná.